Díẹ̀díẹ̀ Là Ń Yọ Igi Abẹ́ Dẹ́kìn

Bàbá Ìbejì,

Mo mọ̀ pé ẹnu ilẹ̀kùn yìí lẹ máa kọrí sí bí ẹ bá jí, ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ ìwé yìí mọ́ ọn. Ẹ ò lọ síbi iṣẹ́ kankan lónìí. Ẹ má wulẹ̀ wá báàgì irinṣẹ́ yín, ọwọ́ mi ló wà.

Torí pé ara yín yá, ẹ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró lójijì láì bi dókítà. Láàárọ̀ yìí, orí ń fọ́ yín, àyà yín ń lù kìkì, ẹ di ara ògiri mú kí ẹ má baà ṣubú, ẹ wá ní ooru ni, ẹ sì padà lọ sùn. Ooru wo, nígbà tí òjò ń rọ̀?

Mo ti pe nọ́ọ̀sì. Ó ní bí èèyàn bá gé irú oògùn yín yìí lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè ru sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá tó àtidá dúró, dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, tí á sì máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ má sì kó gbogbo èyí tí ẹ ò lò jọ gbé mì o!

Mo lọ wá ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ bá dókítà. Bí àyà bá ń dùn yín kí n tó dé, ẹ pe ìyá yín ní pálọ̀ kíá, kí wọ́n ké gbàjarè.

Ẹ̀yin kafíńtà, tí ẹ lé òṣìṣẹ́ kan lọ́jọ́sí torí pé ó fẹ́ yọ gbogbo igi tó gbé kọnkéré dẹ́kìn dúró lẹ́ẹ̀kan náà!

Abẹ́ yín lèmi àtàwọn ọmọ ń gbé. Ẹ má wó lù wá.