Ìlú Tí Mo Kọ Sí Iwájú Orúkọ Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò lẹ́nu láti kí yín pé ẹ sùn ire, nítorí èmi gan-an ni mo jí yín.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ ka èèyàn, àwa tísà ni wọ́n rán láti ojúlé dé ojúlé, àdúgbò wa sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àwọn onílẹ̀ ní kí Bùráímọ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn, máa mú mi kiri. Mo gbéra ga lọ́jọ́ náà, Bàbá. Nínú ilé Ìyá Síkírá nìkan, mo kọ Ìjẹ̀bú, Ègùn, Ìgbò àti Núpé sílẹ̀. Ìyá Síkírá fúnra rẹ̀ bẹ̀ mí.

"Ìsọlọ̀ ni kí ẹ kọ fún mi, tísà. Ibí ni wọ́n bí mi sí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Mo bi í títí ó fi dárúkọ ìlú bàbá rẹ̀, mo sì kọ ọ́.

Nígbà tó kan ilé wa, ìyá mi fà mí láṣọ. Mo fa aṣọ mi gbà. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n bá bi yín nílùú yín, tí ẹ ó ní Ìsọlọ̀ ni. Mo rò pé Ìsẹ́yìn, ìlú bàbá yín, ló ń tì yín lójú. Mo kọ Ìsẹ́yìn. Bùráímọ̀ ní kí n kà á sókè, mo sì kà á ketekete. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé torí ilẹ̀ ni?

Nígbà tí àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ wá ra ilẹ̀, àwọn onílẹ̀ ní àlejò ni wá, pé a ò lẹ́tọ̀ọ́ sílẹ̀, àti pé ẹnu èmi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n lé wa, wọ́n lé Ìyá Síkírá náà. Kò bú mi. Wọ́n ní kí a gbé òkú wa lọ sílùú rẹ̀, ni mo bá wú yín nínú yàrá tí ẹ sùn sí. Ẹ ti fúyẹ́ gan-an.

A gbé yín dé Ìsẹ́yìn nínú àpótí. Baálé ilé kan níbẹ̀ bi mí ní agboolé wa àti oríkì wa, mi ò mọ ìkankan. Ó fún wa lómi mu. Ó ní ará Ìsọlọ̀ ni wá, kí a máa lọ sílé.

Yàrá kan la háyà báyìí ní Òkè-Àfà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi lẹ wà. Lọ́jọ́ tí a kó dé, onílé bi mí pé àwa mélòó la fẹ́ máa gbé ibẹ̀. Mo ní àwa méjì. Ìyá mi wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá wo ojú mi, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà.

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ fẹ́ràn jù, tí ẹ rán nílé ìwé.