Òfin Tí Gbogbo Wọn Ní Kò Dára, Tí Kò Sẹ́ni Tó Fẹ́ Fà Á Tu

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú àdúrà. Mo kí Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n Jímọ̀ àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé. Ara mi le ní Peckham níbí, nílùú òyìnbó, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi òtútù tó ń wọni légungun, àti ìbínú tó ń bá mi jí láàárọ̀.

Ẹ bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí pé bí àwọn òyìnbó bá gbọ́n tó bí a ṣe ń wí, kí ló dé tí wọn ò lè pa òfin burúkú rẹ́. Èsì rẹ̀ ni mo ń kọ síta báyìí, kí àwọn ẹlòmíì lè bá yín kà á.

Ọ̀rọ̀ Sìdíkátù ló jẹ́ kó yé mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. A jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, láti Nunhead dé Forest Hill: ká gbé wọn dìde, ká wẹ̀ wọ́n, ká fún wọn lóúnjẹ, ká tún sáré mú bọ́ọ̀sì nínú òjò. Nígbà tí òtútù mú jù, ọkọ Sìdí ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, kò sì dìde mọ́. Ó di opó pẹ̀lú ọmọ méjì lọ́wọ́. Owó iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan kò ká owó ilé, onílé bá ní kó jáde.

A jọ lọ sí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Obìnrin tó dá wa lóhùn kì í ṣe ènìyàn burúkú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ó ní físà Sìdí kò gbà kó rí ìrànlọ́wọ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba. Sìdí ní ṣebí wọ́n ń yọ owó orí òun lóṣooṣù. Obìnrin náà ní òun mọ̀ pé òfin náà ò dáa, àmọ́ òun kọ́ lòun ṣe é. Màmá, ẹ bá mi bi ìjọba wọn: Ẹ ń gba owó orí lọ́wọ́ ènìyàn, ọkọ rẹ̀ wá kú tán, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n rí?

Ìmáàmù mọ́ṣáláṣí wa ní ká lọ bá aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀. Aṣojú yìí kan náà ló wá sí mọ́ṣáláṣí nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ò tíì gbàjọba, tó ní òfin yẹn gan-an làwọn máa kọ́kọ́ pa rẹ́. A lọ bá a, mo sì rán an létí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àsìkò ò tíì tó. Mo bi í pé ta ló wá ń gbèjà òfin tí gbogbo yín ní kò dára? Ó wá sọ òótọ́. Ó ní àwọn tí òfin náà ń pa lára kò pọ̀, ìbẹ̀rù físà sì ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní bí ìjọba bá fi í sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà á tu, bí ilé bá wọ́n, bí ọsibítù bá kún, àwọn aráàlú á ní òfin tí ìjọba pa rẹ́ ló fà á.

Ẹ wò ó, Màmá: ẹni tó gbẹ́ kòtò ti lọ jókòó sílé rẹ̀, ẹni tó fẹ́ dí i ni wọ́n ń bi pé níbo lo ti rí yẹ̀pẹ̀!

Sìdí kó àwọn ọmọ wá sí yàrá mi. A fún mọ́ra, ṣùgbọ́n inú mi dùn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá jẹun. Lọ́yà kan tí kì í gbowó lọ́wọ́ tálákà bá a bẹ ìjọba, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ òfin náà kúrò lórí rẹ̀ nìkan. Káńsù fún un nílé. A yọ̀ títí a fi sunkún. Lọ́yà náà ò yọ̀ tó wa. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó bá pariwo, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un, kí ariwo lè rọlẹ̀, kí ògiri lè wà níbi tó wà.

Nígbà tí aṣojú tún jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará àdúgbò, mo bá Sìdí níbẹ̀, ó di ọwọ́ obìnrin ará Gánà kan mú, tí onílé lé síta, tí òfin yìí kan náà sì dí lọ́nà ìrànlọ́wọ́. Aṣojú ní ṣebí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti parí. Sìdí ní tòun ti parí, ti òfin ò tíì parí, àti pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíì lòun máa mú wá.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á jẹ́ ká fojú kan ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá àdúgbò àti gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Ẹ rántí Sìdí nínú àdúrà yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Bàríkísù, ní Peckham.