Bàtà Alága Ò Kan Omi

                                        Ẹ̀bá Ọ̀sà,
                                        Gberefu,
                                        Àgbádárìgì,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Jàmíù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Èmi ni o! Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ẹ gẹ́lẹ́ ló rí, kódà wọ́n bu díẹ̀ kù níbẹ̀. Èmi Dosu, tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní JSS 2, èmi ni mo dìde láàárín họ́ọ̀lù ìjọba nígboro, tí mo gba máíkì, tí mo sì fi ọ̀rọ̀ ti àwọn ọ̀mọ̀wé mọ́ ògiri. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹlòmíì ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, irọ́ ló ń pa. Kó wá bá mi létí omi.

Wò ó, ẹnu ti gbé mi lọ, mi ò tíì kí ẹ. Sẹ̀mẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ bọ́dà ńkọ́, ṣé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ò yọ yín lẹ́nu jù? Látífàt ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò? Ọmọ tuntun yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Tèmi dáa, ara mi le koko. Fóònù mi nìkan ni ò sí mọ́. Ó bọ́ sínú ọ̀sà níjọ́ tí mò ń fa obìnrin kan gun orí pátákó jíjẹrà tá a fi ń wọkọ̀ ojú omi, tá à ń pè ní jẹ́tì. Ìdí nìyẹn tó ò fi rí mi pè, tí mo wá jókòó tí mò ń kọ lẹ́tà bí àwọn bàbá wa. Ràímì ọlọ́kadà tó gbé ìbéèrè rẹ wá fún mi náà ló máa gbé èyí bọ̀.

Mo mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Màmá rẹ ni. Látìgbà tí wọ́n ti yọ̀ lórí pátákó yẹn tí wọ́n fi ìbàdí gbá òpó, ẹsẹ̀ wọn ò tíì dáa, bẹ́ẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọdá lọ sí ọsibítù nígboro. Bó o bá rí bá a ṣe ń gbé wọn wọnú ọkọ̀, àfi bí àpò gbágùúdá, wàá sunkún. O ní bí ìjọba ò bá kan jẹ́tì kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀, o máa wá kó wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ. Màmá ti ní òkú àwọn lo máa kó. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja látọmọdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa kú sí. Torí tiwọn ni mo ṣe lọ sí họ́ọ̀lù yẹn, mi ò lọ ṣe fàájì.

Ìjọba ló rán ìgbìmọ̀ kan wá, pé kí aráàlú wá sọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi owó ìlú ṣe. Àwa rò pé títì, omi àti jẹ́tì ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Àṣé ọ̀run làwọn ń wò ní tiwọn! Obìnrin kan wà níbẹ̀, Dókítà Zulaikha, ìwé ti jáde lójú ẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju àwòrán sára ògiri: òṣùpá rèé, rọ́kẹ́ẹ̀tì rèé, sátẹ́láìtì rèé. Ó ní ayé ń sáré, Nàìjíríà ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, pé owó ńlá kan wà tí wọ́n fẹ́ fi gbé sátẹ́láìtì tuntun, ojú tó ń wo ayé látòkè, lọ sí sánmà. Ó wá ní, "Ẹ wo Gberefu yín láti òkè."

Jàmíù, mo rí i! Ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì, iyanrìn wa láàárín bí okùn funfun, igi àgbọn kéékèèké bí koríko. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ kí ni? Ojú tó ga tó yẹn, tó ń rí àgbọn, ni ò rí ìyá arúgbó tí wọ́n ń gbé bí àpò gbágùúdá?

Mo bá dìde. Mo ní, "Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́. Ojú yín yìí, ṣé ó rí jẹ́tì wa?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè má hàn dáadáa láti òkè.

Mo ní, "Èmi tí mo wà nílẹ̀ rí i. Ẹ kúkú fún èmi lówó ojú yẹn."

Họ́ọ̀lù dàrú! Mercy tó ń ta epo àgbọn gun orí bẹ́ǹṣì, ó ń pariwo pé, "Dosu, sọ fún wọn! Sọ fún wọn, ọmọ ọlọ́kọ̀!"

Mi ò ní parọ́ fún ẹ, obìnrin yẹn náà ò kéré. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ní ojú yẹn kan náà ló fi hàn pé òkun ń jẹ etí ilẹ̀ wa, pé òun náà ló máa kìlọ̀ kí omi tó ya wọlé. Ó ní, "Àbúrò, bí òkun bá kó ilé yín lọ, ara kí lẹ máa kan jẹ́tì mọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé irú mi ni wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ kan pa lẹ́nu mọ́? Mo ní, "Ìkìlọ̀ dáa, màdáàmù. Bẹ́ ẹ bá wá kìlọ̀ fún mi pé omi ń bọ̀, tí mi ò ríbi gun ọkọ̀ sá lọ, ṣebí ẹ kàn jẹ́ kí n mọ ọjọ́ ikú mi ni. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ríbi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láyé, kẹ́ ẹ tó máa wá ibi tẹ́ ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lóṣùpá."

Ìgbà yẹn ni Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Akínlóyè, dìde. Bàbá tó sanra, tó wọ bàtà dúdú tó ń dán bíi dígí. Ó ní ọ̀rọ̀ mi wọ òun lára. Ó ní wọn ò tíì ti ìlẹ̀kùn owó yẹn pa, àwọn lè yọ nínú ẹ̀ fi kan jẹ́tì, ṣùgbọ́n òun kì í fi ẹnu ẹlẹ́nu ṣiṣẹ́, ohun tí ojú òun bá rí lòun ń gbà gbọ́. Ó ní ó yá, ká lọ wò ó nísinsìnyí. Jàmíù, èmi ni mo mú gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọba jáde ní họ́ọ̀lù bí ìyá adìyẹ tó ń kó ọmọ!

Ọkọ̀ tèmi náà ni wọ́n wọ̀. Mo wa ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ́jẹ́ débi pé Alága ní òun ì bá sùn. Nígbà tá a dé, mo darí ọkọ̀ kúrò níbi pátákó jíjẹrà, kí ẹsẹ̀ àlejò má baà kọ́. O kúkú mọ̀ wá, àlejò tó bá ń kọ́kọ́ bọ̀ ní Gberefu kì í fi ẹsẹ̀ tutù wọ̀lú, àwọn bàbá wa ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo bẹ́ sómi, mo dẹ̀yìn kalẹ̀, mo gbé Alága. Bàbá yẹn wúwo ju ẹ́ńjìnnì méjì lọ! Ẹsẹ̀ mi ò yẹ̀. Nùrúdíìnì tá a jọ ń wa ọkọ̀ àti Mercy tó bá wa wọkọ̀ wá so ọwọ́ pọ̀ bí àga, wọ́n gbé màdáàmù. Gbogbo wọn gúnlẹ̀ bíi yovó, bí òyìnbó ayé àtijọ́. Ẹ̀kán omi kan ò ta sí bàtà Alága. Gbogbo abúlé ń kan sáárá sí mi, èmi náà ń yan.

Bá mi kí Látífàt. Kó bá mi fẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Bá mi kí Abdulrauf tó ń ṣẹ́ náírà sí owó sẹ́fà ní bọ́dà, sọ fún un pé àgbọn rẹ̀ ti ṣe tán. Mercy ní kí n kí ẹ, Màmá náà ní kí n kí ẹ.

Ó ku ohun kan tí Ràímì ò lè sọ fún ẹ, torí kò sí níbẹ̀. Mo ti ń yí i ká látòkè lẹ́tà yìí, jẹ́ n kúkú sọ ọ́.

Alága dúró lórí iyanrìn. Ó wo ọ̀sà, ó wo bàtà rẹ̀, ó wá wò wá. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fojú ara mi rí i. Ibì kan wà tí mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi mù mí dé ìbàdí kí n tó gúnlẹ̀. Tiyín yàtọ̀. Ẹ̀yin ní ètò. Mo tinú ọkọ̀ bọ́ sórí iyanrìn, bàtà mi ò tutù. Jẹ́tì tiyín ṣì lè dúró dìgbà mìíràn. Ẹ jẹ́ ká fi owó yẹn síbi tó wà."

Síbi tó wà, Jàmíù. Lókè sánmà.

Èmi tí mo fi ọ̀rọ̀ ti ọ̀mọ̀wé mọ́ ògiri, bàtà Alága tó ń dán ni mo wá ń wò. Màmá jókòó sábẹ́ àgbọn níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "Dosu, ta ló ní kó o gbé e?"

Àlejò sì ni àlejò. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, èmi náà ni mo tún dẹ̀yìn kalẹ̀, tí mo gbé e padà sínú ọkọ̀.

Èmi ni tìrẹ, tí ẹ̀yìn ṣì ń ro,
Dosu.