Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ Kàmíl àti Irọ́ Tí Mo Pa Nípàdé Ẹbí

Abúlé Alágbẹ̀dẹ,
nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Sátidé.

Kàmíl Àdìgún, ọkọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n jẹ́wọ́, torí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, ara á tù mí, n kò sì ní lè sọ ọ́ mọ́. Ó ti lé ní oṣù mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ yìí ti há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja. Níbi ìpàdé ẹbí tí a ṣe lẹ́yìn Iléyá èṣí, mo purọ́ nípa rẹ. Mo ní o ti kọ́lé. Bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn o kò tíì kọ́ nǹkan kan, ilé adìyẹ pàápàá o kò kọ́. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Ó yẹ kí ara tù mí báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì tù mí, bóyá torí pé n kò tíì dé ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àsàlámù àlékùm o. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó mi Rufaidah ńkọ́? Mubeenah ìyá mi, ṣé eyín iwájú rẹ̀ tó yọ ti hù padà? Ẹ bá mi kí gbogbo ará Niangon ní Abidjan níbẹ̀, pàápàá Rokia ará ilé kejì yín, tó máa ń gba fóònù lọ́wọ́ yín kó lè kí mi lédè Júlà bí ẹni pé mo ṣì ń gbé Adjamé níbẹ̀ bíi ti àtijọ́. Ọlọ́run Ọba á máa ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀ yín. Ilé tí ẹ rà tó ń rìn yìí, kò ní rìn bọ́ sí kòtò. Àlàáfíà ni a wà níhìn-ín. Àgbàdo ti gbó, òjò ò sì bínú sí wa. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ nígbà tí ò ń lọ ti di ìyá àgbà, ó ti ń bá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ jà.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. O mọ òfin ẹbí bàbá rẹ. Ọmọkùnrin tí wọ́n bá gé ilẹ̀ fún nígbà tó ń lọ sí ìdálẹ̀, òrùlé gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ náà kí ọdún mẹ́wàá tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilẹ̀ a padà sọ́wọ́ ẹbí. Ilẹ̀ tìrẹ, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì bàbá rẹ, ọdún yìí ló pé mẹ́wàá. Lúkmánì ọmọ àbúrò bàbá rẹ wá dìde nípàdé, ó ní ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ẹ fún òun ní ilẹ̀ yẹn kí òun máa fi mọ búlọ́ọ̀kù, ó ní Kàmíl kò ní padà wá mọ́, Faransé ló fi ń lálàá báyìí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbé mi dìde, èmi ìyàwó ilé tí kò yẹ kí n lanu títí àwọn ọkọ á fi sọ̀rọ̀ tán. Mo ní Kàmíl ti kọ́lé. Bàbá Ṣẹ̀rífù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí, wọ́n wò mí, wọ́n ní Ìyá Kàmíl, níbo? Mo ní Abidjan. Wọ́n ní òrùlé Abidjan kì í bo ilẹ̀ Alágbẹ̀dẹ. Mo ní ó ń bọ̀. Lúkmánì ní kí ló ń bọ̀, ilé? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé náà ń bọ̀. N kò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù, mo mọ̀ pé ilé kì í bọ̀.

Àmọ́ wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn ẹ̀, o fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù Bọ́láṣadé, olùkọ́ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi. O ní ẹ ti ra káráfáànù lọ́wọ́ madámù kan ní Cocody tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Bọ́láṣadé fi ìka méjì na àwòrán náà, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, mo ní kó má nà án jù kí fèrèsé má bàa sán. Mo wò ó dáadáa. Ilé funfun ni, ó ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní fèrèsé mẹ́ta pẹ̀lú kọ́tìnnì, ó sì ní ẹsẹ̀ rọ́bà méjì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní irọ́ tí mo pa ti bímọ, ọmọ náà sì ti ń rìn!

Bọ́láṣadé ṣàlàyé pé mọ́tò ló ń fà á, pé àwọn òyìnbó ń fi í rìnrìn àjò, wọ́n á sùn nínú ẹ̀, wọ́n á sì dáná nínú ẹ̀. Mo ní ṣé wọn kò nílé ni? Ó ní wọ́n nílé. Mo ní ṣé onílé lé wọn jáde ni? Ó ní rárá Màmá, ìgbádùn ni. Ó yé mi díẹ̀. Mo gba fóònù náà, mo gbé e tọ Bàbá Ṣẹ̀rífù lọ. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wo àwòrán náà. Wọ́n ní nọ́ńbà wo ló wà nídìí ilé yìí? Mo ní nọ́ńbà ojúlé ni, pé ìjọba Abidjan máa ń ka ilé tó ń rìn pàápàá. Wọ́n ní ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Mo ní o ní carte grise, n kò sọ pé ìwé mọ́tò ni. Wọ́n ní ṣé ìwé náà sọ ibi tí ilẹ̀ náà wà? Mo ní ibikíbi tó bá ti dúró ni. Wọ́n wá ní ilé tó bá ní ẹsẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kó padà sí ibi tó ti wá? Mo ní Bàbá, ọmọ tó ni ín náà ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ ẹ ṣì ń retí rẹ̀. Wọ́n dá fóònù náà padà fún mi.

Mo wá rò ó pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nílé, ìyá rẹ̀ ló yẹ kó gbà á nímọ̀ràn. N kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ìmọ̀ràn mi lè má tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo fi ru búrẹ́dì kiri Adjamé tí ìwọ wà lẹ́yìn mi, mo sì gbà pé igbá tí orí ń rù àti ilé tí mọ́tò ń fà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Má kó ẹrù tó wúwo sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ̀yìn igbá bá wúwo ju iwájú lọ, ọrùn á máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì títí gbogbo rẹ̀ á fi dà nù. Àpò ìrẹsì, odó Rufaidah àti kẹ́ẹ̀gì omi, àárín gan-an ni kí ẹ kó wọn sí, lókè ẹsẹ̀ rẹ̀, kí iwájú fi díẹ̀ wúwo ju ẹ̀yìn. Bí o bá fẹ́ yà, má yà bí ẹni tí wọ́n pè lójijì. Ẹni tó rugbá máa ń rìn kọjá díẹ̀ kó tó yíjú. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ fi òkúta dí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tú u kúrò lára mọ́tò, bí àwọn onígbàkà, awakọ̀ akérò ibẹ̀ yẹn, ṣe máa ń fi òkúta dí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lórí òkè Attécoubé, torí ilé tí kò tíì mọ onílé rẹ̀ dáadáa lè sá wọ ọ̀sà. Mubeenah kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú ẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá ń lọ, bó ti wù kó sunkún tó. Kí ẹ sì wo rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ tí madámù yẹn ti gbé e kalẹ̀, rọ́bà tó bá pẹ́ lójú kan máa ń sán nínú bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán, gẹ́gẹ́ bíi tèmi.

O sọ fún Bọ́láṣadé pé bí o bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, tí o yí ọwọ́ mọ́tò sósì, ìdí ilé á gba ọ̀tún lọ. Kàmíl, ewúrẹ́ ni. Má bínú sí i. Má sì jẹ́ kí Rufaidah dúró lẹ́yìn kó máa pariwo à gauche, à droite, yà sósì, yà sọ́tùn-ún, torí ibẹ̀ ni ìjà tọkọtaya ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ wá pápá bọ́ọ̀lù tó ṣófo ní kùtùkùtù, kí ìwọ àti ilé náà lọ bá ara yín sọ ọ́ níbẹ̀. Èyí tí kò yé mi rárá ni ṣáláńgá. Bọ́láṣadé ní inú ilé ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, pé wọ́n máa ń fa àpótí rẹ̀ jáde lọ dà nù. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo fi orúkọ bàbá rẹ bẹ̀ ọ́, àlejò kankan kò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àpótí yẹn àti ìkòkò ọbẹ̀ jọ ń gbé ojúlé kan. Ibikíbi tí ẹ bá sì dúró sí, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálé ibẹ̀, kí ẹ tó na aṣọ sórí okùn. Ilé yín lè jẹ́ tiyín, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ẹni tó ni ín.

Ohun tó ń dà mí láàmú níbẹ̀ ni ibi ọmọ. Bí Rufaidah bá bímọ nínú ẹ̀, níbo la máa sin ibi ọmọ náà sí? Bí ẹ bá sin ín sí Bassam, tí ilé sì sún lọ sí Bouaké lọ́jọ́ kejì, níbo lọmọ máa sọ pé òun ti wá? Tìẹ wà ní Adjamé, lẹ́yìn ilé tí a háyà nígbà yẹn, wọ́n sì ti wó ilé náà. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé bóyá ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ fi padà síbẹ̀, tí kò sì rántí ọ̀nà ibí. Má dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ àgbà tó ń dá jókòó ni.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Ṣẹ̀rífù fi okùn bọ́wọ́, wọ́n wá sí àgbàlá wa. Wọ́n wọn ẹnu ọ̀nà, wọ́n wọn igi ọsàn tí bàbá rẹ gbìn síbẹ̀, wọ́n ní bí ilé náà bá ga tó mítà méjì ààbọ̀ bí ẹ ṣe wí, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ máa fá a lórí. Wọ́n bi mí bóyá bẹ́ẹ̀dì inú ẹ̀ rọ̀. Mo ní ó rọ̀. Wọ́n ní bó bá dé, àwọn fẹ́ sun oorun ọ̀sán ẹyọ kan níbẹ̀, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ká okùn wọn, wọ́n ní Ìyá Kàmíl, lọ́jọ́ tí o dìde nípàdé èṣí, ṣé ilé náà ti wà? Wọ́n ní Lúkmánì ti ní kí wọ́n bi mí lójú gbogbo ẹbí ní Sọ́ńdè. Bó bá ti wà nígbà yẹn, wọ́n á fún ọ ní ọdún kan sí i láti gbé e dé. Bí kò bá sí, irọ́ ni mo fi dá ẹbí dúró, Lúkmánì á sì gba ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ti da yanrìn síbẹ̀ tán. Mo ní Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bu gààrí fún yín. Wọ́n ní kì í ṣe gààrí ni àwọn béèrè.

Láti àárọ̀ yìí mo ti gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti dìde kúrò nídìí lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹrin. Bọ́láṣadé ní Màmá, ẹ kàn ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ló máa wọkọ̀ lọ Abidjan lọ wádìí? Òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irọ́ di ilẹ̀ yẹn mú, ẹ̀gbẹ́ ibojì bàbá rẹ ni mo fi í sí, n ó sì máa kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, níwájú ọkùnrin tí kò purọ́ fún mi rí àfi lórí iye ẹran tó jẹ nígbà Iléyá.

Ibi tó le jù tí mo ní mo máa sọ nìyí. Kì í ṣe torí ilẹ̀ ni mo ṣe purọ́. Nígbà tí Lúkmánì ní o kò ní padà wá, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù bà mí pé òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́wàá, Kàmíl. N kò fojú kan Mubeenah rí. Á ní bonjour Màmá lórí fóònù, èmi náà á ní bọ́njúù, ọ̀rọ̀ wa á sì tán síbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ilẹ̀ náà, kí wọ́n gbà á. Ilé tìrẹ kò nílò ilẹ̀ púpọ̀. Mo ti fi ìṣísẹ̀ wọn àgbàlá mi, bí mo bá sún ilé adìyẹ díẹ̀, ó máa gbà á, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á sì kọjú sí tèmi. Bodè mẹ́rin ló wà láàárín wa, mo mọ̀. Ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Owó díẹ̀ ni mo fẹ́ o. Owó àdá tuntun, tèmi ti ku ìdajì. Owó àkàrà sàráà tí a máa fi ṣàdúrà fún ilé náà. Àti owó tí Bọ́láṣadé ń rà sínú fóònù rẹ̀, torí òun ló máa ya àwòrán lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, kó má bàa ṣá kó tó dé Abidjan. Má fi gbogbo owó náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù rẹ̀ kéré, n kò mọ̀ bóyá ó máa gbà á. Ọlọ́run á fún ẹ ní ilé tó dúró àti ilé tó ń rìn, ẹsẹ̀ méjèèjì kò ní ṣì ọ́ lọ́nà. Rufaidah á rí ayọ̀ ọmọ, Mubeenah á gbọ́ èdè mi lẹ́nu mi.

Lọ́la, kí ẹbí tó jókòó tán, màá kúnlẹ̀ láàárín wọn, màá ní ilé kò sí lọ́jọ́ tí mo ní ó wà. Lẹ́yìn ẹ̀, bí Bàbá Ṣẹ̀rífù bá ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀, màá yá àdá wọn, màá sì gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi ọsàn yẹn, torí ilé rẹ ga.

Èmi ìyá rẹ,
Kúlísúmù.