Olú Tó Hù Lára Ọ̀gànwó Wa

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, mo mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́wọ́, mo ń fi wo olú lára igi gbígbẹ. Ọ̀gànwó ẹ̀yìnkùlé wa ní Dansoman ni, èyí tí mo ní iná tí ẹ fi ń se ọṣẹ nítòsí rẹ̀ ló pa á. Ó ṣì wà ní ìdúró, ṣùgbọ́n olú ti bò ó. Kì í ṣe olú ọbẹ̀. Èyí tó le bíi pákó ni, tó yọ síta bíi pẹpẹ.

Oríṣi méjì ni mo rí. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, ó pupa bí epo, òkè ló wà. Mo kà á pé igi tó ti kú ni irú èyí ń jẹ. Èkejì wà nídìí igi, ó nípọn, orí rẹ̀ ń dán, abẹ́ rẹ̀ funfun. Mo fi èékánná ha abẹ́ náà, ó sì di àwọ̀ kòkó. Wọ́n ní ìyẹn lè wọ gbòǹgbò igi tútù, kó máa jẹ ẹ́ títí igi yóò fi kú. Àmọ́ ó tún lè hù lára igi tó ti kú tẹ́lẹ̀. Kí wá ni kí n gbà? Èwo ló kọ́kọ́ débẹ̀, iná yín ni àbí olú?

Ràfíátù àbúrò mi dúró tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá, ṣé kóòtù lẹ fẹ́ gbé olú lọ ni?" Mo bi í bóyá ó rí irú rẹ̀ rí nígbà tí igi náà ṣì léwé. "Màámi máa ń fi ọ̀bẹ ha nǹkan kan kúrò nídìí igi. Ṣùgbọ́n ṣé igi yìí ni, àbí máńgòrò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Ẹ̀ẹ́ì, ó ti pẹ́ jù!"

Ṣé ẹ rí i lóòótọ́, Màámi? Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo pariwo mọ́ yín níwájú àwọn tó wá ra alata samina, ọṣẹ dúdú yín? Ẹ kàn da omi síná, ẹ dojú ìkòkò délẹ̀. Ẹ ò se ọṣẹ mọ́ títí ẹ fi dágbére fáyé. Mo rò nígbà náà pé ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi ni.

Mo tún lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Ó tún rú mi lójú. Bó bá jẹ́ olú ló pa á, mo purọ́ mọ́ yín. Bó bá sì jẹ́ iná yín ni, igi ṣáà ni, Màámi. Ẹ̀yin ni ìyá mi.

Èmi àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín tí kò sọ ọ́ fún yín.