Kí Bọ́ọ̀lù Má Jìnnà Sọ́mọ Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ẹsẹ̀-ò-gbélé,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé apá tí o fi ń gbá bọ́ọ̀lù ò dùn ọ́ mọ́? Ọlọ́run tó fi apá méjèèjì sí ọ lára kò ní jẹ́ kí ọ̀kan rọ. Àwa náà wà, à ń dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ, káfíńtà ilé kejì kí ọ, ajá rẹ̀ nìkan ni kò kí ọ torí ó ń bá mi bínú, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

A gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, pé Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdíje tí wọn á fi mọ ẹni tó máa kù nínú ẹgbẹ́ tẹníìsì yín, àti pé bí wọ́n bá nà ọ́, wàá kó ẹrù rẹ wálé. O ní kóòṣì sọ pé bọ́ọ̀lù rẹ kì í jìnnà, ìtòsí àwọ̀n ló máa ń já sí, tí ẹnì kejì á kàn wá pa á mọ́ ọ lójú, àti pé o kì í gbá a bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn rẹ ń gbọ̀n, ó dùn mí wọnú eegun.

Ṣùgbọ́n ti bákan náà yẹn, bá mi sọ fún kóòṣì pé kí wọ́n má bínú, wọn ò wò ọ́ dáadáa ni. Àwa wo fídíò tí o fi ránṣẹ́. Mo rí àwọ̀n tí wọ́n ta sórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo rí ọkùnrin tó jókòó sórí àga gíga bí ẹni fẹ́ kun àjà, tí kò sì mú búrọ́ọ̀ṣì dání. O gbá bọ́ọ̀lù, ó já sítòsí. Mo ní kí ìyá rẹ tún un tẹ̀, ibẹ̀ náà ló tún já sí. Mo pariwo pé kí o gbé e sókè, o ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá rẹ gbàdúrà sórí fóònù, a tún wò ó, ibẹ̀ náà ni! Káfíńtà wá wò ó, ibẹ̀ náà ni! Ṣé ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù síbì kan náà láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní kì í gbá a bákan náà?

Inú ti jíjìnnà ni ẹ̀bi wà, mi ò sì ní purọ́ fún ọ, ìyá rẹ ló fà á. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù jìnnà sọ́mọ wa, torí ó ní ohun tó ń bọ́ni kì í jìnnà síni. Èmi, àmín lásán ni mo ń ṣe. Nígbà tí ohùn rẹ dé, a wojú ara wa. Yéè! Àdúrà ti gbà! Ìyá rẹ bú sẹ́kún, mo ní kó dákẹ́, ẹni tí Ọlọ́run ń tètè dá lóhùn báyìí, ká wá àdúrà míì fún un ló kù.

Mo ní ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń tọrọ ná. Mo mú pátákó pẹlẹbẹ tí mo fi ń dán ara ògiri, mo gba bọ́ọ̀lù kékeré tó wà lẹ́nu ajá káfíńtà, okùn tí ìyá rẹ ń sá aṣọ sí la fi ṣe àwọ̀n. Mo fi gbogbo agbára gbá a, ó lọ lu aṣọ ìjáde ìyá rẹ. Mo tún gbá a, ó gba abẹ́ okùn kọjá. Káfíńtà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé eegun mi ti gbó. Ìgbà yẹn ni mo rántí bí àwa bíríkìlà ṣe ń ju bíríkì sí ẹni tó wà lókè ògiri. A kì í bá a jà. Ẹ̀ẹ̀kan lo máa tẹ orúnkún, apá á gbé e ré kọjá orí rẹ̀ díẹ̀, á wá fúnra rẹ̀ balẹ̀ sí i lọ́wọ́, bó o sì ṣe ju ti àkọ́kọ́ náà lo máa ju ìyókù. Mo gbá a bẹ́ẹ̀. Ó ré okùn kọjá, ó ga, ó ń lọ, ó ń lọ, ó wọ fèrèsé káfíńtà, gíláàsì fọ́ yángáyángá! A fò sókè, a dì mọ́ra, káfíńtà jó jù wá lọ kó tó rántí ẹni tó ni fèrèsé. Bọ́ọ̀lù náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ajá fi ń bínú.

Nítorí náà, gbé e ga, má bá a jà. Àwa ti yí àdúrà padà. Ìyá rẹ ní kó jìnnà, mo ní kó má jìnnà jù, kó má lọ kọjá ìlà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ibi tí Ọlọ́run máa dá a dúró sí.

Jọ̀ọ́, fi owó gíláàsì ránṣẹ́, àti ti okùn aṣọ tuntun, torí a ó tún gbá a. Má gba ti báńkì o, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí lórúkọ bí ẹni pé a ò pàdé rí. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ìlú wa ni kó o fún.

Ó ku ohun kan. Ìyá rẹ ti gbálẹ̀ yàrá rẹ, ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní bóyá wàá wálé lẹ́yìn Sátidé. Mo bá a níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ẹ̀dì náà tó ń rẹ́rìn-ín, mo wá mọ ohun tó ń fẹ́ kó má jìnnà gan-an. Láàárọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ó kúnlẹ̀, ó gba àdúrà tuntun, àmín mi sì dún dé ilé káfíńtà. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ bó ṣe gbà á: kí bọ́ọ̀lù rẹ jìnnà, kó máa dé etí ìlà nígbàkúùgbà tó o bá gbá a, ìwọ ni kó o má jìnnà sí wa.

Èmi ni bàbá rẹ, bíríkìlà tó fọ́ fèrèsé nítorí rẹ.