Ọ̀nà Ewé Kan Dé Ìlú Ọba

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, lọ́dún tó ṣáájú òmìnira. Ìyàwó tí ẹ fẹ́ fún mi náà ti tẹ̀ lé yín. Mo ti sunkún tán. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà nílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Akínbọ̀dé, àkọ́bí mi tí ń wa lọ́rì láti Òkìtìpupa lọ sí Èkó, ló ń bá mi kọ ọ́.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ti ń wọn ọ̀nà? Ẹ kò ka máìlì rí. Pupuru ẹ̀gẹ́ tí a rò, tí a wé sínú ewé, lẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Ìjù-Odò kò tó ewé kan. Ibi tí ènìyàn bá ti jẹ ewé méjì kó tó dé, ẹ ní ìdálẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin kú sílé ọkọ lọ́nà odò, tí ẹ dé bá erùpẹ̀ ibojì rẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ fòfin lélẹ̀: ọmọbìnrin ilé yìí kò gbọdọ̀ gbé kọjá ọ̀nà ewé kan. Mo pa á mọ́.

Mojísọ́lá, àbíkẹ́yìn mi, ló wá kó mi láyà sókè. Ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní kó wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ní rárá, ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi! Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló tún ń bá omi lọ? Ó ní láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà dé ti Lọ́ńdọ̀nù lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ni bàálù fi ń fò ó.

Mo bi Akínbọ̀dé. Ó ní bí òun bá jí gbéra níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀mejì lòun ń jẹun kóun tó wọ Èkó. Bàbá, Èkó gan-an ni ìdálẹ̀! Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan tó wákàtí mẹ́fà: Ìlú Ọba kò ju ọ̀nà ewé kan lọ.

Àfi ìgbà tí Mojí tún lanu pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún èrò nínú bàálù. Mo ní kó má fọwọ́ kan èkejì.

Mo mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Èkó ná. Ìyẹn, màá jẹ́jọ́ rẹ̀ fún yín nígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kú lọ́wọ́ wa láìsí ẹnìkan tó mọ ohun tó ń ṣe é. Bí ọmọ yìí bá lọ mọ̀ ọ́n wá ńkọ́? Ṣé ẹ ó bínú? Mo ti bi yín lẹ́bàá ibojì yín, mo tún ń bi yín nínú ìwé yìí.

Akínbọ̀dé, ìwọ tí ń kọ̀wé yìí, ìwọ ni àkọ́bí. Lọ́rì wà lọ́wọ́ rẹ. Mo fa ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá gbé e dé Ìkẹjà, fún un ní pupuru kó mú wọ bàálù. Ewé kan péré.

Bàbá, ẹ máa fojú sọ́nà fún un pẹ̀lú mi.

Èmi ọmọ yín tí kò gbàgbé òfin yín.